Ta Ló Ń Mu Èémí Tìmùtìmù?

Abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ Bàbá Àgbà nígbà tí wọ́n bá a. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń rán lọ́wọ́, ó fẹ̀yìn ti ògiri, òwú díẹ̀ lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀, bí ẹni tó ń ronú ibi tí òun yóò tún ti fa okùn kọjá. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀mẹta pé kó wá jẹun. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó fọwọ́ kàn án, ó sì figbe ta. Ọ̀sán gangan ni. Bàbá kò ṣàìsàn, kò ṣubú, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé orúnkún, tó ń tẹ̀ ẹ́ níkùn bí ẹni tó ń wò ó bóyá òwú inú rẹ̀ tó, tó ní, "Ẹ wo Tìmùtìmù mi! Èyí ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ki nǹkan kan sí i nínú mọ́." Bí ọmọ náà ṣe di Tìmùtìmù lẹ́nu gbogbo ilé nìyẹn.

Irú ikú bẹ́ẹ̀, ta ni yóò gbà pé ó kàn wá bẹ́ẹ̀ ni? Ní àdúgbò yẹn, bí ewúrẹ́ bá kú, wọn á kọ́kọ́ béèrè ẹni tó pa á kí wọ́n tó béèrè ohun tó jẹ. Ká má tíì wá sọ ti odidi baálé ilé tó kú pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ìrọ̀rí àti bẹ́ẹ̀dì olówùú ni iṣẹ́ ilé náà. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń fi ọ̀pá lu òwú kó lè tú, yàrá àárín ni wọ́n ti ń kì í sínú aṣọ, iwájú ilé ni wọ́n sì ń to èyí tó ti parí sí fún oníbàárà. Eruku òwú wà lójú fèrèsé, ó wà lórí abọ́, ó wà nínú ìpéǹpéjú. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi nílé náà á kọ́kọ́ fẹ́ ẹnu sí ojú omi ná. Ìyàwó (bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń pe aya ọmọ ilé náà) ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó sì ti mọ iṣẹ́ náà débi pé òun ni wọ́n fi ohun tó mú ìrọ̀rí wọn yàtọ̀ lé lọ́wọ́. Kí wọ́n tó rán ẹnu ìrọ̀rí pa, òun ni yóò fọ́n lọ́fínńdà sí àárín òwú, ìfọ́n méjì péré, kó má pọ̀ jù, kó má sì kéré. Ẹni tó bá fi orí lé e á máa fa òórùn dídùn símú títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò sì ní mọ ibi tó ti ń wá. Torí ẹ̀ ni oníbàárà ṣe máa ń kọjá ṣọ́ọ̀bù méjì kí wọ́n tó yà lọ́dọ̀ wọn.

Bàbá Àgbà kò tíì lo oṣù kan nínú ilẹ̀ tí Tìmùtìmù fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọmọ oṣù mẹ́wàá ni. Imú rẹ̀ á dí pinpin, ikọ́ á mú un títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n, ìhà rẹ̀ á máa wọlé wọ̀de bó bá ti ń mí. Á rọlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ra oògùn olómi ìgò kan, ó ra èkejì, ó ra ẹ̀kẹta tí ẹni tó tà á fún un búra lé lórí. Ó fi ìpara olóòórùn líle pa á láyà àti lẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Tìmùtìmù bẹ̀rẹ̀ sí í rù, orúkọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí èébú létí ìyá rẹ̀.

Èyí tó wá ń já a láyà jù ni ohùn ẹyẹ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tàbí ní ìdájí, nǹkan kan á máa dún nínú ilé: fííì, fííì, tínrín, bí ọmọ ẹyẹ tó já bọ́ láti inú ìtẹ́. Ìyàwó á tan iná. Á wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á wo ẹ̀yìn àpótí. Bó bá gbé ọmọ mọ́ra, ọmọ á bú sẹ́kún, ohùn náà á sì pòórà. Ìgbà mìíràn wà tí ọmọ á dákẹ́ tí òun á tún gbọ́ ọ, lẹ́yìn ògiri, láti yàrá ìyá ọkọ rẹ̀.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ náà fún ni kò yẹ kó sọ fún. Aránṣọ kan háyà igun kan níwájú ilé wọn, òun ló ń bá wọn rán aṣọ ìrọ̀rí. Rédíò ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń pa á.

"Ẹyẹ lò ń gbọ́ yẹn, Ìyàwó," ni Rédíò wí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lórí ẹ̀rọ. "Èmi náà ń gbọ́ ọ bí mo bá tètè dé láàárọ̀. Ẹyẹ wo ló ń ké nínú ilé tí kò ní ìtẹ́?"

"Àǹtí, bóyá eku ni."

"Eku ló ń fọn fèrè? Ìwọ náà gbọ́ ara ẹ! Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Ẹ má fi ikú pe ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ló fi pe ọmọ ẹ? Bàbá ni mò ń wí. Lọ́jọ́ tí bàbá kú, ta ló wà nílé? Ìwọ, ọmọ ọwọ́ ẹ, àti ìyá ọkọ ẹ. Ṣé ọmọ ọwọ́ ló pa á ni? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

Ìyàwó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ òun, kò ṣe é níbi rí. Òun ló wẹ ọmọ náà lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, òun ló ń gbé ẹran inú abọ́ tirẹ̀ sínú abọ́ Ìyàwó nígbà oyún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ síni létí kì í jáde mọ́. Láti ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìyá. Ó rí i pé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ìyá máa ń lọ sẹ́yìn yàrá òwú, á kọ ẹ̀yìn sí ilé, á gbé ọwọ́ sẹ́nu, á dúró pẹ́ẹ́, á wá nu ẹnu kó tó padà. Bí wọ́n bá bi í, á ní òun lọ wo òwú bóyá ó ti gbẹ. Òwú tó ti gbẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá!

Nígbà tó yá, Ìyàwó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Èrò pọ̀ níbẹ̀ bí omi. Nọ́ọ̀sì tó kàn án ti bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì, ó fi bírò há ẹnu. Ó gbé ẹ̀rọ lé ọmọ láyà, ó gbọ́, ó tún gbé e lé e lẹ́yìn.

"Ọ̀nà èémí rẹ̀ ló ń fún pọ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó bá ń wúkọ́ là ń fún ní èyí, àmọ́ tiẹ̀ ń fọn, ó sì ti ń padà wá léraléra." Ó fún un ní oògùn àfàsímú, irú èyí tí àwọn alásímà ń lò, ike kékeré kan tó tẹ̀ kọdọrọ, tí wọ́n ń tẹ̀ lórí. "Ike ńlá tí wọ́n ń fi sí i lẹ́nu ti tán lọ́wọ́ wa. Ẹ fi ìgò ike ṣe é, ẹni tó wà níta á fi hàn yín. Ìfọ́n méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kó máa fà á símú. Ẹlòmíì!"

Níta, bẹ́ǹṣì òfìfo ni Ìyàwó bá. Wọ́n ní ẹni náà lọ jẹun. Ó dúró títí òòrùn fi kúrò lórí bẹ́ǹṣì náà, ọmọ ń sunkún, ọmú rẹ̀ ń dùn ún, ẹni tó lọ jẹun kò dé. Ó pòṣé, ó sì lọ sílé.

Kó máa fà á símú. Bí nǹkan kan bá wà láyé yìí tí Ìyàwó mọ̀ ọ́n ṣe, òun náà nìyẹn. Ó tú ẹnu ìrọ̀rí kékeré tí Bàbá Àgbà rán fún ọmọ náà, ó fi ìka la òwú láàárín, ó fọ́n oògùn náà sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rán an pa. Ó gbé ọmọ lé e. Láàárọ̀, lálẹ́, kò yẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ìfọ́n méjì kò ṣe nǹkan kan, ó sọ ọ́ di mẹ́rin, ó sọ mẹ́rin di mẹ́wàá. Kò fi han ìyá ọkọ rẹ̀ nítorí Rédíò ti kìlọ̀ fún un pé kí oògùn ọmọ má kan ojú ìyá yẹn. Abẹ́ aṣọ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Ọmọ ń burú sí i.

"Oògùn yẹn ò ṣiṣẹ́!" Ó jágbe mọ́ ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń lu òwú. Ọkùnrin náà ti fi òwú dí imú, ó fi dí etí, ó ní láti yọ ọ̀kan kó tó gbọ́. Ìyàwó tún un sọ.

"Ṣé ò ń lò ó bí wọ́n ṣe ní kó o lò ó?"

"Ṣé ẹ rò pé ọ̀dẹ̀ ni mí ni?"

"Ta ló pè ọ́ lọ́dẹ̀? Mo kàn béèrè ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ fi òwú sétí, ẹ ò mọ̀ ju kí ẹ máa béèrè lọ. Ẹ wá gbé e sùn lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ẹ gbọ́ ohun tí mò ń gbọ́. Ẹyẹ ń ké nínú ilé yìí, Bàbá Tìmùtìmù. Ó sì ń ké láti yàrá ìyá yín."

"Ṣọ́ ẹnu ẹ!"

"Mo ti ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ yìí. Ó ti sú mi!" Ó bú sẹ́kún, inú sì tún bí i pé òun ń sunkún. Ọkọ rẹ̀ dúró, ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, òwú kan nímú. Ó tún dí etí rẹ̀ padà. Ìyàwó kò dárí ìyẹn jì í fún ọjọ́ pípẹ́.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, oorun tí kò sùn láti ọ̀sẹ̀ méjì gbé e lọ. Nígbà tó ta jí, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kò bá ọmọ. Ilẹ̀kùn wà ní ìlàjì. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́, ó yọjú sí yàrá àárín.

Ìyá Àgbà jókòó sáàárín òkìtì ìrọ̀rí. Tìmùtìmù wà lórí itan rẹ̀. Ìgò ike kan tí wọ́n ti gé ìdí rẹ̀ wà lójú ọmọ náà, ó bo imú, ó bo ẹnu, ọwọ́ ìyá sì dì í mú gírígírí. Ọmọ ń jà. Nǹkan kan dún, fíìsì. Ìyá ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń rọ ọmọ: "Èmi ni mo pa bàbá ẹ àgbà. Èmi náà ni."

Ìyàwó fà sẹ́yìn. Kò lè wọlé, kò lè pariwo. Bó ṣe padà sórí bẹ́ẹ̀dì, kò mọ̀. Ó dijú nígbà tí ìyá gbé ọmọ wọlé tó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀. Bí ìyá ti jáde, ó gbé ọwọ́ lé ọmọ láyà. Ọkàn ọmọ náà ń lù kìkìkì bí ẹni tí wọ́n lé, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Lóòótọ́ ni imú rẹ̀ tú, ó sì sùn títí òòrùn fi yọ, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyàwó kò ka ìyẹn kún.

Kò lè ní sùúrù di ìgbà tí oníbàárà á lọ. Ọkùnrin kan tó ní ilé àlejò wá fẹ́ ra ìrọ̀rí méjìlá lọ́jọ́ náà. Ó ti gbé ọ̀kan sí imú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nígbà tí Ìyàwó já jáde pẹ̀lú ọmọ léjìká.

"Ìyá, kí lẹ fi bo ọmọ mi lẹ́nu láàárọ̀ yìí?"

Ẹ̀rọ Rédíò dákẹ́. Kò sí ẹni tó rántí ìgbà tó ti dákẹ́ ní ọ̀sán gbangba rí.

Ìyá Àgbà la ẹnu. Ó wo Ìyàwó, ó wo oníbàárà, ó wo ìrọ̀rí tó wà ní imú oníbàárà náà. Ó pa ẹnu dé.

"Mo fi ojú mi rí i! Mo fi etí mi gbọ́ ọ! Ẹ ní ẹ̀yin lẹ pa Bàbá. Ẹ sọ pé irọ́ ni!"

"Ìyá, ẹ sọ̀rọ̀," ni ọmọ rẹ̀, ọkọ Ìyàwó, wí. "Ẹ ní irọ́ ni, ó parí."

"Mi ò pa ọmọ ẹnikẹ́ni jẹ," ni ìyá wí.

"Kí lẹ wá ń ṣe fún un?"

"Bí mo bá sọ ọ́, ilé yìí á tú."

Rédíò ká ọwọ́ lérí. Oníbàárà gbé ìrọ̀rí sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní òun ń bọ̀, gbogbo wọn sì rò pé kò ní bọ̀ mọ́. Ọkọ Ìyàwó kò lè wo ojú ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó ní kó ṣì lọ máa sùn ní yàrá òwú lẹ́yìn, títí ọ̀rọ̀ yóò fi lójú. Ìyá ká ẹní rẹ̀. Nígbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyàwó, ó ní, "Máa gbé orí rẹ̀ sókè bó bá ń sùn." Ìyàwó sún ọmọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó rò pé ẹyẹ á dákẹ́. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló ké jù. Ọjọ́ kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ọkọ rẹ̀ ti gbé bẹ́ẹ̀dì lọ fún ẹni tó ni ín, nígbà tí Tìmùtìmù kò lè sunkún mọ́. Ó ń la ẹnu, ohùn kò jáde. Ọ̀fun rẹ̀ ń jìn wọlé bó bá ti ń mí. Àwọ̀ ètè rẹ̀ yí padà.

Ìyàwó fa oògùn yọ lábẹ́ aṣọ. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìrọ̀rí, kò mú nǹkan kan jáde. Ó mì ín, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ti tán. Ó wá gbé ojú ọmọ lé ìrọ̀rí náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, pé kó fa èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Fà á, ọmọ mi. Fà á símú. Mo bẹ̀ ọ́."

"Lọ bá a!" ni Rédíò ń ké lẹ́nu ọ̀nà. "Kó jẹ́wọ́! Kó tú èémí ọmọ sílẹ̀!"

Ìyàwó gbé ọmọ, ó sáré dé yàrá òwú, ó fi èjìká ṣílẹ̀kùn. Ó ti mọ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ, èébú àti ẹ̀bẹ̀ pa pọ̀. Kò sọ ọ̀kankan. Nínú eruku òwú tó kún yàrá náà, Ìyá Àgbà jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gòkè, ń sọ̀ kalẹ̀. Láti inú àyà rẹ̀, ní ọ̀sán gangan, ẹyẹ ń ké. Fííì. Fííì.

Oògùn àfàsímú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbé e lọ sẹ́nu. Ó rí ojú ọmọ. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Gbé e wá."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe fún un?"

"Ohun tí mo ti ń ṣe láàárọ̀." Ó ní láti mí kó tó lè sọ ìyókù. "Bó bá kú lọ́wọ́ mi, kí ẹ lù mí pa. Gbé e wá!"

Bí Ìyàwó bá ní nǹkan mìíràn láti ṣe láyé, kì bá tí gbé e fún un. Kò ní òmíràn. Ó gbé ọmọ fún ẹni tó gbà gbọ́ pé ó ń pa á.

Ìyá Àgbà fi ìgò ike bo imú àti ẹnu ọmọ, ó ti oògùn bọ ọrùn ìgò náà, ó tẹ̀ ẹ́. Kò yára gbé e kúrò. Ó ń ka èémí ọmọ: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrùn-ún. Ó mì ín, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún kà. Ìyàwó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, kò mọ ìgbà tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kà. Ó pẹ́. Àwọ̀ ètè ọmọ ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Lójijì, Tìmùtìmù gbá ìgò náà dànù, ó sì ké tòò.

Ìyá Àgbà wá fi oògùn náà sí ẹnu ara rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Ó mì ín, ó tún tẹ̀ ẹ́. "Ó tán," ni ó wí, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí òwú.

Ọjọ́ yẹn ni ẹnu Rédíò wúlò. Igbe tó fi jáde sí títì, ọkọ̀ mẹ́ta ló dúró.

Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí náà ni wọ́n tún bá. Ó fa àwọn méjèèjì wọlé, ó fi ẹ̀rọ kan tó ń sọ oògùn di kùrukùru sí imú ìyá, ó fi òmíràn sí ti ọmọ. Ìyàwó sọ bí ìyá ṣe fi ìgò ike fún ọmọ ní oògùn tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì ti ẹ̀rọ ìgbọ́yà bọ Ìyàwó létí, ó gbé e lé ọmọ láyà, ó tún gbé e lé ìyá. Ẹyẹ kan náà ló wà níbẹ̀, ní àyà méjèèjì, ó ń rẹlẹ̀.

"Ọ̀nà èémí tó fún ló ń dún bẹ́ẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Àyà ọmọ tó ń lù kìkìkì lẹ́yìn tí ìyá fọwọ́ kàn án ńkọ́?" ni Ìyàwó béèrè.

"Oògùn náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ìyá, kò yẹ kí ẹ fún un ní tiyín láìsọ fún wa o. Ìyàwó, èyí tí mo fún yín dà?"

"Ó ti tán."

"Báyìí? Báwo lẹ ṣe ń lò ó?"

Ìyàwó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀: bó ṣe ń tú ẹnu ìrọ̀rí, bó ṣe ń la òwú, bó ṣe ń rán an pa. Bó ṣe ń ṣe é lójú nọ́ọ̀sì ni ọwọ́ rẹ̀ ń falẹ̀. Nígbà tó dé ibi abẹ́rẹ́, ó dúró.

"Ẹ ní kó máa fà á símú," ni ó wí.

"Mo ní kí ẹni tó wà níta fi hàn yín."

"Kò sí ẹnì kankan níta."

Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀kùn, ó wo bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì jókòó bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro. Kò wá àwáwí. Ó béèrè irú ìrọ̀rí tó jẹ́. Nígbà tó gbọ́ pé olówùú ni, ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní eruku òwú lè jẹ́ òun gan-an ló ń dá ọmọ náà lóró, kí wọ́n gbé ìrọ̀rí náà kúrò nílé lónìí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ìyàwó rántí bí òun ṣe tẹ imú ọmọ mọ́ ìrọ̀rí náà, tí òun ń ní kó fà á, kó fà á.

Ìyá Àgbà yọ ìbomú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èmi àti bàbá ẹ, ogójì ọdún la fi ní ásímà," ni ó wí. "A ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ta ni yóò gbé orí lé ìrọ̀rí ẹni tí kò lè mí? Oògùn kan ṣoṣo la jọ ń lò, ẹ̀yìn yàrá òwú la ti ń lò ó. Lọ́jọ́ tó kú, ọwọ́ mi ló wà. Mo gbọ́ nígbà tó pè mí. Mo rò pé okùn ló fẹ́. Mo ní kó dúró."

Nọ́ọ̀sì ní òun kò lè sọ ohun tó pa ẹni tí òun kò rí.

Ìyàwó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. "Ìyá, ẹ dárí jì mí."

"Dìde. Bí mo bá ti la ẹnu mi, ìwọ ì bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ̀bi tèmi ń bẹ níbẹ̀." Ó gbé ìbomú padà, ó tún yọ ọ́. "Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi sí ọ."

"Ẹ̀tọ́ yín ni, Ìyá."

Ọkọ rẹ̀ gbé ìrọ̀rí ọmọ lọ sun lẹ́yìn odi. Ó kó òwú àti ọ̀pá rẹ̀ lọ sí ibi kan tó jìnnà sílé, ó sì ń wá ẹni tí yóò kọ́ òun níṣẹ́ fóòmù. Ó bẹ ìyá rẹ̀ kó padà sí yàrá rẹ̀. Ó ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyàwó gbé àga síwájú ilé, ó gbé Tìmùtìmù lé itan, ó sì mú ike ńlá tí nọ́ọ̀sì wá fún un jáde. Onílé àlejò ọjọ́sí ló ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn.

"Wọlé lọ ṣe é!" ni Rédíò ń sọ lábẹ́ ohùn. "Oníbàárà ń bọ̀!"

"Ibí ni n ó ti ṣe é."

Ọkùnrin náà dé. Ó gbé ìrọ̀rí kan, ó rí ọmọ tí ike bo ojú rẹ̀. "Kí ló ń ṣe èyí?"

"Ásímà ni, sà. Ìyá wa náà ní in. Òwú kì í jẹ́ kí wọ́n mí."

Ọkùnrin náà wo ìrọ̀rí ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọkọ Ìyàwó mí kanlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dùn wọ́n, irọ́ kọ́. Ìrọ̀rí méjìlá kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rí tà lójoojúmọ́.

"Ẹ jẹ́ kó lọ," ni ohùn kan wí lẹ́yìn wọn. Ìyá Àgbà ti gbé àpótí ìjókòó jáde. Ó jókòó ti Ìyàwó, ó kọjú sí títì, ó yọ oògùn tirẹ̀ kúrò nínú aṣọ. Lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá, ó fi í sẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́, ó fà á símú, ó sé èémí rẹ̀. Rédíò tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ìyá mí síta. Ó yí ojú sí Ìyàwó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ilé ìwòsàn. "Ọ̀kan ni mo fà ni, àbí méjì? Mo ti gbàgbé."

"Ọ̀kan ni, Ìyá," ni Ìyàwó wí. "Ó ku ọ̀kan. Ẹ mí dáadáa, mò ń bá yín kà á."